Yíya ọkọ̀ ojú irin ní fọ́tò lóru, nínú òjò àti yìnyín

Yíya ọkọ̀ ojú irin ní fọ́tò lóru jẹ́ ẹ̀ka kan nínú iṣẹ́ fọ́tò tí àwọn olólùfẹ́ rélùwéè ní Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì, Jámánì àti Jàpáànì ń ṣe gan-an. Òjò àti yìnyín, ìyẹn ìrì dídì funfun tó ń bọ́ nígbà òtútù, máa ń mú kó nira, síbẹ̀ àwọn náà ló ń gbé ẹwà rẹ̀ yọ. Irin tí òjò ti rin a máa dán bíi dígí. Yìnyín tó bo ilẹ̀ a sì máa ta ìmọ́lẹ̀ iná ibùdókọ̀ padà sókè sí abẹ́ ọkọ̀, níbi tí òkùnkùn ì bá ti gbé gbogbo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mì.

Kí iná mànàmáná tó wọ inú kámẹ́rà, ìyẹ̀fun ni wọ́n ń sun láti fi ríran lóru. Adolf Miethe àti Johannes Gaedicke ló ṣe ìyẹ̀fun magnesium tó ń gbiná lójijì jáde ní Jámánì lọ́dún 1887. Ó lè jó ènìyàn lọ́wọ́, kò sì wúlò rárá bí omi bá ti rin ín. Jámánì náà ni gílóòbù fíláàṣì ti jáde sójà ní 1929. Inú dígí tí wọ́n dé pa ni iná ọ̀hún ti ń jó, nítorí náà òjò kò rí i gbé ṣe, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni gílóòbù kan ń tàn.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ yìí jù lọ ni O. Winston Link, ọmọ Brooklyn ní New York, tí wọ́n bí ní 1914. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ló kọ́ kó tó di ayàwòrán fún àwọn ilé iṣẹ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, iṣẹ́ gbé e dé Staunton ní ìpínlẹ̀ Virginia. Waynesboro kò jìnnà síbẹ̀, ọ̀nà irin Norfolk and Western sì gba ibẹ̀ kọjá. Nínú àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè ńlá Amẹ́ríkà, èyí nìkan ni ẹ́ńjìnnì eléèédú ṣì ń fa gbogbo ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn yòókù ti gba díísẹ̀lì wọlé. Link mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì eléèédú ti Norfolk and Western náà á fi dópin. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà, Robert H. Smith, fún un láyè láti máa rìn lórí ilẹ̀ wọn, òun náà sì ń náwó ara rẹ̀ lọ síbẹ̀ títí di 1960, ọdún tí wọ́n pa iná ẹ́ńjìnnì tó kẹ́yìn.

Lọ́sàn-án, ibi tí oòrùn bá wà ni ayàwòrán máa fara mọ́. Lóru, ibi tí Link bá gbé iná sí ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Òun àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀, tí George Thom wà lára wọn, á na wáyà lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, wọ́n á to gílóòbù sí i, wọ́n á sì gbé kámẹ́rà bíi mẹ́ta kalẹ̀ tí yóò lajú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Orí wáyà kan ṣoṣo ni ó so àwọn gílóòbù náà mọ́ tẹ̀léra tẹ̀léra, tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kọṣẹ́, kò sí èyí tó máa tàn. Ọkọ̀ kò sì ní padà sẹ́yìn torí fọ́tò. Ní Iaeger, West Virginia, ní oṣù kẹjọ ọdún 1956, gílóòbù 43 ló tàn lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ọkọ̀ ẹrù ń kọjá lẹ́yìn síńimá ìta gbangba kan, níbi tí àwọn ènìyàn jókòó sínú mọ́tò wọn. Ìmọ́lẹ̀ náà pa àwòrán ojú síńimá rẹ́ pátápátá. Ọkọ̀ òfuurufú tí à ń rí níbẹ̀ lónìí, Link ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láti inú fọ́tò mìíràn nígbà tó délé. Fọ́tò bí 2,400 ló yà lápapọ̀ lórí rélùwéè náà. Ó kú ní 2001. Ilé ìkóǹkanpamọ́sí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣí ní Roanoke ní 2004, nínú ibùdókọ̀ àtijọ́ ti rélùwéè náà gan-an.

Èéfín funfun tó yọ gedegbe nínú àwọn fọ́tò Link, ẹ̀kán omi kéékèèké ni. Bí omi inú afẹ́fẹ́ ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ yìí ló ń ran ayàwòrán lọ́wọ́, òun náà ló sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ nígbà òjò àti yìnyín. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ibi tí iná bá dúró sí. Bí nǹkan bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí fíláàṣì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló máa kàn án. Yìnyín tó ń já bọ́ ní mítà kan sí fíláàṣì orí kámẹ́rà á wá gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po 400 ju ọkọ̀ tó wà ní 20 mítà lọ. Ohun tó máa hàn nínú fọ́tò ni àwọn àmì funfun roboto tó bo ọkọ̀ lójú. Nítorí náà wọ́n máa ń gbé fíláàṣì jìnnà sí kámẹ́rà, sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sẹ́yìn ọkọ̀. Iná tó bá ti ẹ̀yìn òjò wá ló ń fi òjò hàn dáadáa, iná iwájú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì máa ń ṣe iṣẹ́ yìí láìgba owó.

Bí kámẹ́rà bá ṣe pẹ́ tó kó tó dijú tún ṣe pàtàkì. Ẹ̀kán òjò ńlá ń já bọ́ ní nǹkan bí mítà 9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kámẹ́rà bá lajú fún 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ̀kán náà á fa ìlà gígùn bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Yìnyín rọra ń bọ̀, ìlà tirẹ̀ kúrú. Bí kámẹ́rà bá lajú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, òjò á pòórá nínú fọ́tò, kìkì ilẹ̀ tó ń dán ló máa ṣẹ́kù. Ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí àwòrán rẹ̀ má baà rí bàìbàì, ó lè gba 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, ìmọ́lẹ̀ òru kì í sì í tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú àwọn ayàwòrán fi ń ya ọkọ̀ tó dúró ní ibùdó, tàbí kí wọ́n fi kámẹ́rà sílẹ̀ kí iná ọkọ̀ tó ń kọjá fi ìlà ya ara rẹ̀.

Kámẹ́rà kò mọ̀ pé funfun ni yìnyín. Ó máa ń fẹ́ sọ gbogbo nǹkan di àwọ̀ eérú, èyí ló fi ń gba kí ènìyàn fún un ní ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì sí mẹ́rin. Bí ojú ọ̀run dúdú bá sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán, òdìkejì ló máa ṣe. Ohun tó dára jù ni kí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ to iye ìmọ́lẹ̀ náà. Bákan náà ni ẹ̀rọ inú kámẹ́rà tó ń mú àwòrán mọ́ kedere fúnra rẹ̀ lè rọ̀ mọ́ yìnyín tó ń fò. Wọ́n máa ń pa á, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sí irin kí ọkọ̀ tó dé, wọ́n á sì fi ojú lẹ́ǹsì sí ibẹ̀.

Òtútù tètè ń jẹ bátìrì, nítorí náà inú àpò aṣọ tó sún mọ́ ara ni wọ́n ń fi èyí tí wọn kò tíì lò sí. Kámẹ́rà tó tutù kò gbọdọ̀ wọ inú yàrá tó móoru ní gbangba, torí omi á sẹ̀ sí i lára àti nínú lẹ́ǹsì. Ọ̀rá ni wọ́n ń dì í sí kí wọ́n tó wọlé, títí yóò fi móoru.

Ní Bìrìtéènì, Network Rail, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ọ̀nà irin ibẹ̀, gba fọ́tò láyè ní ibùdókọ̀, ṣùgbọ́n kò gba fíláàṣì, nítorí ó lè dí awakọ̀ lójú. Ayàwòrán gbọ́dọ̀ dúró sẹ́yìn ìlà ofeefee. Yìnyín sì lè bo ìlà náà mọ́lẹ̀, ó tún máa ń gba ariwo mì, débi pé ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná lè ti sún mọ́ kí ènìyàn tó gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ lo fíláàṣì bí ti Link máa ń lọ sí àwọn rélùwéè àtijọ́ tí wọ́n ń tọ́jú, níbi tí ẹgbẹ́ ayàwòrán ti ń sanwó kí ẹ́ńjìnnì eléèédú dúró sójú kan lóru, kí awakọ̀ sì mọ̀ ṣáájú ìgbà tí iná máa tàn.