Ẹ̀kọ́ fún Ìdàgbàsókè Tó Tọ́jọ́ Ju Ẹ̀kọ́ Igi Gbígbìn Lọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n, ló gbà pé ohun tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń pè ní ẹ̀kọ́ fún ìdàgbàsókè tó tọ́jọ́ kò ju kí a kọ́ àwọn ọmọdé láti gbin igi, kí wọ́n má da ìdọ̀tí sí gọ́tà, kí wọ́n sì pa iná tí wọn kò bá lò. Èrò yìí ti gbilẹ̀ débi pé, bí wọ́n bá ní kí ilé-ìwé kan fi hàn pé òun ń ṣe iṣẹ́ náà, àwòrán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó di ọkọ́ mú nídìí irúgbìn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé jáde. Igi gbígbìn dára, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró síbẹ̀ ti fi apá kékeré rọ́pò odindi, ohun tí àwọn ọmọ wa sì ń pàdánù nítorí bẹ́ẹ̀ kò kéré rárá.

Kò ṣòro láti mọ ibi tí èrò náà ti wá. Ìpàdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní Stockholm, ní ilẹ̀ Swídìn, ní oṣù kẹfà ọdún 1972, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú gbogbo ayé, orí àyíká ọmọ ènìyàn sì ni ìpàdé náà dá lé. Láti ibẹ̀ ni a ti rí Ọjọ́ Àyíká Lágbàáyé tí a ń ṣe ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà lọ́dọọdún. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, láti ọdún 2008 tí Babátúndé Fáṣọlá wà lórí oyè gómìnà, ni wọ́n ti ya ọjọ́ 14 oṣù keje sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. Ọmọ tó bá dàgbà láàárín irú àwọn ọjọ́ wọ̀nyí, tí kò sì gbọ́ orúkọ ìdàgbàsókè tó tọ́jọ́ níbòmíràn nínú kíláàsì, kò lè ṣàì gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀ kò bá èrò yìí mu. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1977, UNESCO, ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, àti UNEP, ẹ̀ka tó ń bójú tó àyíká níbẹ̀, pe àwọn ìjọba jọ sí Tbilisi, olú-ìlú Jọ́jíà tó wà lábẹ́ ìjọba Sófíẹ̀tì nígbà náà. Àwọn tó péjọ síbẹ̀ fẹnu kò pé ẹ̀kọ́ àyíká gbọ́dọ̀ gba inú gbogbo iṣẹ́ tí a ń kọ́ nílé-ìwé kọjá, pé kò gbọ́dọ̀ dá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, pé ó ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe kí ó sì bá ènìyàn dàgbà, yálà ó wà nílé-ìwé tàbí kò sí níbẹ̀. Wọ́n sì sọ ọ́ kedere pé ọrọ̀ ajé, ìṣèlú, àṣà àti ìlànà ìwà wà lára àyíká tí wọ́n ń sọ, bí igbó àti odò ti wà lára rẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní 1987, ìgbìmọ̀ tí Gro Harlem Brundtland, olórí ìjọba ilẹ̀ Nọ́wè, darí gbé àbọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún ìdàgbàsókè tó tọ́jọ́ níbẹ̀ ni a ṣì ń lò títí di òní: ìdàgbàsókè tó ń pèsè ohun tí àwọn tó wà láyé báyìí nílò, tí kò sì gba agbára lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn láti pèsè tiwọn. Àìní ọmọ ènìyàn ni ìpìlẹ̀ ìtumọ̀ náà, ìgbìmọ̀ ọ̀hún sì tẹnu mọ́ ọn pé àìní àwọn tálákà ayé ló gbọ́dọ̀ gba iwájú.

Nígbà tí ó fi di ọdún 1992 tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè pàdé ní Rio de Janeiro, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, wọ́n ya odindi orí kan, Orí 36, sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n pè ní Agenda 21. Ohun àkọ́kọ́ tí orí náà béèrè ni pé kí a yí ojú ẹ̀kọ́ padà sí ìdàgbàsókè tó tọ́jọ́. Kí a la ará ìlú lóye àti kí a kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níṣẹ́ ló tẹ̀lé e. Kí ló dé tí wọ́n fi ní kí a yí ojú ẹ̀kọ́ padà, tí wọn kò kàn ní kí a fi ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́? Ní tèmi, ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́ nìyí. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ará ìlú wọn kàwé jù ni wọ́n sábà ń jẹ ohun àmúṣọrọ̀ ayé jù. Bí a bá pín èéfín kábọ́ọ̀nù tó ń jáde ní Amẹ́ríkà kan olúkúlùkù ará ibẹ̀, yóò tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 14 lọ́dún; tí ọmọ Nàìjíríà kan kò tó tọ́ọ̀nù kan. Àwọn tó ṣètò bí wọ́n ṣe ń sun gáàsì dànù ní agbègbè Niger Delta láti ọ̀pọ̀ ọdún wá kì í ṣe ẹni tí kò rí ilé-ìwé lọ. Àwọn tó gba oyè ní yunifásítì tó dára ni wọ́n. Ìwé kíkà nìkan, nígbà náà, kò lè gba ayé là, bí ohun tí a ń kọ́ ènìyàn láti fi ìwé náà ṣe kò bá yí padà. Ẹni tó bá gbà pé igi gbígbìn ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí ti bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè tó le yẹn láìdáhùn rẹ̀.

Ní ìpàdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lórí ìdàgbàsókè tó tọ́jọ́ ní Johannesburg, ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 2002, ni ìjọba Jàpáánì dábàá pé kí a ya ọdún mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí. Ìgbìmọ̀ Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí i ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, wọ́n fi ọdún 2005 sí 2014 ṣe é, wọ́n sì fi UNESCO ṣe aṣíwájú. Ìpàdé Bonn ti 2009 yẹ iṣẹ́ náà wò ní àárín ọ̀nà, ti Nagoya ní 2014 parí rẹ̀, ètò mìíràn sì gbà á láti 2015 sí 2019 kí èyí tó wà lóde báyìí, tí yóò dé ọdún 2030, tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ kí òǹkàwé mú nínú gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí ni góńgó 4.7, ọ̀kan lára àwọn àfojúsùn ìdàgbàsókè tó tọ́jọ́ (SDGs) tí gbogbo orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní ọdún 2015. Ó ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ àti ọgbọ́n iṣẹ́ tí wọn yóò fi gbé ìdàgbàsókè tó tọ́jọ́ lárugẹ, ó sì ka ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, ìdọ́gba láàárín ọkùnrin àti obìnrin, àlàáfíà, àti mímọ rírì oríṣiríṣi àṣà mọ́ ọn.

Àwọn kan lè sọ pé ìwé àdéhùn kò jọ iṣẹ́ tí a fọwọ́ ṣe. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ igi gbígbìn jù lọ. Wangari Maathai bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ igi gbígbìn tí wọ́n ń pè ní Green Belt ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà ní ọdún 1977, nítorí pé àwọn obìnrin ìgbèríko sọ fún un pé àwọn kò rí igi ìdáná, omi tó mọ́, oúnjẹ tó tó àti owó mọ́. Ó ń san owó táṣẹ́rẹ́ fún wọn lórí irúgbìn tí kò bá kú. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi rí i pé irúgbìn nìkan kò tó, níwọ̀n bí àwọn obìnrin náà kò bá mọ ẹni tó ń pín ilẹ̀ igbó ìjọba fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ìdí tí ẹnu wọn kò fi tó ọ̀rọ̀. Ó dá ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀tọ́ àti ojúṣe ọmọ ìlú sílẹ̀ fún wọn. Ní 1989, ó dojú kọ ìjọba lórí ilé alájà 60 tí wọ́n fẹ́ kọ́ sínú ọgbà Uhuru ní Nairobi, ìjọba sì pa ètò náà tì nígbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2004, igi tí iṣẹ́ rẹ̀ gbìn ti lé ní 30 mílíọ̀nù, síbẹ̀ ẹ̀bùn àlàáfíà ni wọ́n fún un. Àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ gbé igi gbígbìn lárugẹ nílé-ìwé wa kì í sábà dé ibi ìtàn yìí, ó sì dùn mí.

Nítòsí wa, àwọn ará Ìbàdàn kò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 tí odò Ògùnpa kún àkúnya, tó gbé ènìyàn àti dúkìá lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú náà, ó sì lé ní 100 ènìyàn tó bá a lọ. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là láti yá wa fún iṣẹ́ tí yóò dènà omíyalé níbẹ̀. Olùkọ́ tó rò pé ẹ̀kọ́ yìí kò ju ìmọ́tótó lọ yóò sọ fún kíláàsì rẹ̀ pé kí wọ́n má da ilẹ̀ sódò, yóò sì kọjá lọ. Èyí tó yé yóò mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo yìí gba inú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kọjá. Nínú ìṣirò, akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i pé òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, yóò da 10,000 lítà omi sílẹ̀ bí òjò tó rọ̀ bá tó mìlímítà 100, kí ó wá bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí omi yẹn yóò gbà nígbà tí a ti fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo àgbàlá. Nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé, wọ́n lè wádìí ìdí tí ilé etí odò fi dínwó, àti irú ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ ojúṣe ọmọ ìlú, kí wọ́n béèrè ẹni tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ilé tí wọ́n kọ́ sí ojú ọ̀nà omi. Nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, kí wọ́n lọ bá àwọn àgbà tó rí omi ọdún 1980, kí wọ́n gba ìtàn náà sílẹ̀. Kò sí iṣẹ́ tuntun kankan tí a fi kún àtẹ àkókò ẹ̀kọ́ níbẹ̀, èyí tó jẹ́ ẹ̀rù tí àwọn olùkọ́ sábà ń bà.

Àṣìṣe pé ọmọdé nìkan ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní Tilonia, ní ìpínlẹ̀ Rajasthan ní ilẹ̀ Íńdíà, Barefoot College ń kọ́ àwọn obìnrin ìgbèríko, tí púpọ̀ nínú wọn ti di ìyá àgbà tí wọn kò sì mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, láti ṣe àti láti tún ẹ̀rọ iná oòrùn ṣe. Àwọ̀ àti àmì ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ wọn nígbà tí èdè kò bá pa wọ́n pọ̀, nítorí pé àwọn obìnrin láti ilẹ̀ Áfíríkà náà wà lára wọn. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń lò níbẹ̀, lẹ́yìn èyí tí wọn yóò padà sí abúlé wọn pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ṣì kù púpọ̀. Nígbà tí UNESCO yẹ ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ 100 orílẹ̀-èdè wò ní ọdún 2021, ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò tilẹ̀ mẹ́nu kan ìyípadà ojú ọjọ́ rárá. Ohun mẹ́rin ni wọ́n sì fi ń wọn bí orílẹ̀-èdè ṣe ń tẹ̀lé góńgó 4.7: òfin àti ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ rẹ̀, bí ó ṣe ń kọ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀, àti ohun tí ó fi ń dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Èmi gbà pé èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù fún ilé-ìwé tiwa, nítorí pé ohun tí kò bá sí nínú ìdánwò àṣekágbá, olùkọ́ tó ní ìwé tó pọ̀ láti kọ́ parí láàárín sáà kan kò ní àkókò fún un, bí ó ti wù kí ọkàn rẹ̀ fẹ́ ẹ tó.