Títọpa agbo kìnìún àti ẹgbẹ́ akọ kìnìún ní Áfíríkà

Títọpa kìnìún ni kí ènìyàn máa tẹ̀lé agbo kìnìún kan tàbí ẹgbẹ́ akọ kan (àwọn akọ kìnìún tó kó ara wọn jọ láti gba agbo) nínú igbó ọba fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó dá kìnìún kọ̀ọ̀kan mọ̀, kí ó sì máa kọ ìbí, ìjà, ìṣípò àti ikú wọn sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹranko, ẹ̀ṣọ́ igbó àti àwọn atọ́nà tó ń fi ọkọ̀ gbé arìnrìn-àjò wo ẹran ló ń ṣe iṣẹ́ yìí jù. Ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà ló ti gbilẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn Kogi, láàárín àwọn Okun (Yàgbà, Ìjùmú, Búnú, Ọ̀wẹ̀ àti Ọ̀wọ̀rọ̀), kò sí agbo kìnìún lónìí. Igbó ọba Kainji, ní Ìpínlẹ̀ Niger, ni ibi tí kìnìún ṣì wà tó sún mọ́ wọn jù.

Dídá kìnìún kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì

Gbogbo iṣẹ́ yòókù dúró lórí èyí. Ẹni tí kò bá mọ kìnìún tó rí lánàá yàtọ̀ sí ti òní kò lè sọ iye tó wà nínú igbó, ká má tilẹ̀ wá sọ ti ẹni tó bí wọn. Ní ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ẹranko Pennycuick àti Rudnai tẹ ọ̀nà kan jáde tí wọ́n ṣì ń lò títí di òní: wọ́n ń wo àmì dúdú kéékèèké tó wà ní ìdí irun ẹ̀gbẹ́ ẹnu kìnìún. Àmì yìí máa ń tò ní ìlà, wọ́n sì ń ka ibi tí èyí tó wà ní ìlà òkè gan-an bọ́ sí lórí ìlà tó tẹ̀ lé e, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí wọ́n ṣe bí i mọ́ kìnìún ló ń bá a dàgbà, kì í yí padà. Àpá ojú, etí tó ya àti eyín tó kán náà ń ranni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìjà ọ̀la lè fi àpá mìíràn kún ti àná, nítorí náà a kò lè gbára lé wọn tó àmì ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Imú kìnìún máa ń dúdú sí i bó ṣe ń dàgbà, èyí sì ń jẹ́ kí a lè fojú díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀.

Ní igbó ọba Serengeti, lórílẹ̀-èdè Tansaníà, onímọ̀ ẹranko George Schaller bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí kìnìún ní ọdún 1966. Àwọn mìíràn gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Craig Packer àti Anne Pusey dé ibẹ̀ ní ọdún 1978. Nítorí pé orúkọ àti àmì kìnìún kọ̀ọ̀kan ti wà nínú ìwé, wọ́n lè tọ ìran kan dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀.

Agbo àti ẹgbẹ́ akọ

Abo ló ni agbo. Ìyá, ọmọbìnrin, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n jọ ń gbé lórí ilẹ̀ kan náà, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi kú. Àwọn ọmọkùnrin ní tiwọn máa ń kúrò bí wọ́n bá tó nǹkan bí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́ta, wọn a sì máa rìn káàkiri títí wọn yóò fi lágbára tó láti gba agbo mìíràn.

Akọ tó bá dá wà kì í sábà rí agbo gbà, bó bá sì gbà á, kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kẹ́gbẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí Packer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1991 fi hàn pé ẹgbẹ́ akọ méjì tàbí mẹ́ta lè jẹ́ àjèjì síra wọn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ńlá jẹ́ ọmọ ìyá tàbí ìbátan. Bí ẹgbẹ́ tuntun bá gba agbo, wọ́n máa ń pa àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n bá níbẹ̀, àwọn ìyá a sì tètè tún gba akọ. Oyún kìnìún kò ju nǹkan bí 110 ọjọ́ lọ. Ẹni tó bá ka iye ọmọ kìnìún nìkan, tí kò tọpa àwọn akọ, kò ní mọ ohun tó pa wọ́n.

Ẹgbẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Mapogo, akọ mẹ́fà tó wọ igbó Sabi Sand, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó ọba Kruger ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 2006. Ní ọdún 2010, ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Majingilane pa ọ̀kan nínú wọn, Kinky Tail, agbára wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ àwọn atọ́nà ń wọ igbó náà, ìyẹn ló jẹ́ kí ìtàn wọn kún tó bẹ́ẹ̀. Iye kìnìún tí wọ́n ní Mapogo pa yàtọ̀ láti ẹnu dé ẹnu, ó sì yẹ kí a fi ìṣọ́ra gbà á.

Ohùn kìnìún

A lè gbọ́ ìbúramúramù kìnìún láti nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ. Nínú àyẹ̀wò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1994, McComb, Packer àti Pusey gba ohùn àwọn abo sílẹ̀, wọ́n sì lọ tún un lù létí agbo mìíràn ní Serengeti. Bí ohùn àjèjì bá jẹ́ ti ẹyọ kan, agbo náà máa ń yára lọ kò ó lójú. Bó bá jẹ́ ti mẹ́ta, wọ́n máa ń lọ́ra, pàápàá bí àwọn fúnra wọn kò bá pọ̀. Kìnìún ń fi etí ka iye ọ̀tá.

Rédíò àti sátẹ́láìtì

Láti ọdún 1984 ni wọ́n ti ń fi rédíò, tó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí kìnìún wà, sí abo kan lọ́rùn nínú agbo kọ̀ọ̀kan ní Serengeti. Lẹ́yìn náà ni ti sátẹ́láìtì dé. Irú rẹ̀ ló wà lọ́rùn Cecil, akọ kìnìún tí ọdẹ aláfẹ́ kan pa ní Sìmbábúè ní ọdún 2015.

Nàìjíríà àti ìwọ̀-oòrùn Kogi

Ìwádìí tí Philipp Henschel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 fojú bù ú pé nǹkan bí 400 kìnìún ló kù ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà ní àwọn igbó ọba tó ń jẹ́ W, Arly àti Pendjari, níbi tí Bẹ̀nẹ̀, Burkina Faso àti Niger ti pàdé. Ní Nàìjíríà, Kainji àti igbó Yankari ní Ìpínlẹ̀ Bauchi nìkan ni wọ́n kù sí, Wildlife Conservation Society, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko igbó, sì ní àwọn tó ti dàgbà kò tó 50.

Igbó Kainji fẹ̀ tó nǹkan bíi 5,340 kìlómítà onígun mẹ́rin, ó sì pín sí apá Borgu àti apá Zugurma. Títí di ọdún 1991, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara ni Borgu àti ilẹ̀ Okun jọ wà. Ọdún yẹn ni Borgu bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Niger, tí ilẹ̀ Okun sì bọ́ sí Kogi.

Àwọn kìnìún Kainji kéré níye, igbó sì ṣú ju pápá Serengeti lọ, nítorí náà ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sábà ń kà. Irú ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọdẹ ní Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú tàbí Kabba: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, nígbà tí eruku ojú ọ̀nà àti iyanrìn odò gbígbẹ bá mú ipasẹ̀ dáadáa. Ojú ẹsẹ̀ kìnìún ní ìka mẹ́rin, ẹ̀yìn àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì pín sí mẹ́ta. Èékánná ìkookò máa ń hàn níwájú ìka rẹ̀. Ti kìnìún kì í hàn, nítorí pé ó máa ń fà á wọlé bó bá ń rìn.