Ta ló ń wọlé jù l'Amẹ́ríkà, ẹni àárín àbí progressive?

Ìbéèrè: Gbogbo ìgbà tí ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà bá ti ń sún mọ́lé làwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat máa ń bára wọn fà á, àwọn kan á ní ẹni tó wà láàárín ni kí wọ́n fà kalẹ̀, àwọn kan á ní àfi progressive, ìyẹn ẹni tó ń fẹ́ kí ìjọba ṣe àyípadà ńlá fún mẹ̀kúnnù, bíi sẹ́nétọ̀ Bernie Sanders. Èwo ló ń wọlé gan-an?

Ìdáhùn: Ká má fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, tèmi ni pé ẹni àárín máa ń rí ìbò díẹ̀ lé, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni, ọ̀wọ́n gógó ọjà nìkan lè gbé e mì.

Ìbéèrè: George McGovern tí Democrat fà kalẹ̀ rí ńkọ́? Ṣebí progressive lòun náà.

Ìdáhùn: Òun ni wọ́n máa ń fi dẹ́rù bani ṣáá. Lọ́dún 1972 ó ní kógun Vietnam parí kíá, ó tún ní kí ìjọba máa fún aráàlú kọ̀ọ̀kan ní $1,000 lọ́dún, Nixon ti ẹgbẹ́ Republican, alátakò wọn, wá nà án ní ìpínlẹ̀ 49, Massachusetts pẹ̀lú Washington D.C. nìkan ló ṣẹ́ kù fún un. Ṣùgbọ́n Nixon ti wà lórí àlééfà, owó ń wọlé fáwọn èèyàn, McGovern fúnra ẹ̀ sì tún yọ Eagleton tó mú ṣe igbákejì, nígbà tó hàn pé wọ́n ti tọ́jú ẹ̀ rí nílé ìwòsàn nítorí àárẹ̀ ọpọlọ. Ẹ tún wo Mondale tí Democrat fà kalẹ̀ ní 1984, ẹni táwọn àgbà ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ni o, kì í ṣe alákatakítí rárá, Reagan ti Republican ṣì gba ìpínlẹ̀ 49 mọ́ ọn lọ́wọ́. Reagan yìí kan náà, ní 1980 àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti le jù, ló bá gba ìpínlẹ̀ 44.

Ìbéèrè: Kí lẹ wá rí tẹ́ ẹ fi ní ẹni àárín ló ń rí ìbò lé?

Ìdáhùn: Ọdún mẹ́rin mẹ́rin nìdìbò ààrẹ, kò pọ̀ tó láti fi mọ nǹkan kan, ilé aṣòfin ló yẹ ká wò. Andrew Hall, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Stanford, wo àwọn ìdìbò abẹ́lé, èyí tí ẹgbẹ́ fi ń yan olùdíje, tí alákatakítí ti fi ìbò díẹ̀ ju ẹni àárín lọ, ó rí i pé ìbò ẹgbẹ́ yẹn máa ń já wálẹ̀ gan-an tó bá di ìdìbò gbogbogbòò. Òun àti ẹnì kejì ẹ̀ tún wá rí i pé àwọn alátakò ni alákatakítí ń ta jí jù. Àwọn progressive máa ń ní àwọn á fa ọ̀dọ́ tí kì í dìbò jáde, ó dùn ún gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó ń bẹ̀rù wọn náà lẹ́sẹ̀ tí wọ́n á fi rìn débi ìdìbò.

Ìbéèrè: Ṣé Trump wá wà láàárín ni?

Ìdáhùn: Ẹnu ẹ̀ kò sí láàárín jàre! Ṣùgbọ́n ní 2016 ó ní òun ò ní fọwọ́ kan Social Security àti Medicare táwọn àgbàlagbà ń jẹ, ó bú ogun Iraq, ọ̀pọ̀ olùdìbò sì rí i pé kò le tó àwọn Republican yòókù. Hillary Clinton ti Democrat fi ìbò tó sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta jù ú lọ káàkiri, àmọ́ ìpínlẹ̀ téèyàn bá gbà ló ń pinnu ẹni tó wọlé, nǹkan bíi 78,000 ìbò ní Michigan, Pennsylvania àti Wisconsin ló gbé Trump wọlé. Ibi tí díẹ̀ tí mo ń sọ yẹn ti wúlò nìyẹn.

Ìbéèrè: Kamala Harris ti Democrat sá wá sáàárín ní 2024, ó mú Liz Cheney tó jẹ́ Republican rìn kiri, ó ṣì fìdí rẹmi.

Ìdáhùn: Ní gbogbo ìpínlẹ̀ méje tí wọ́n ń jà dù pàápàá. Ọjà ti wọ́n lábẹ́ Biden, òun sì ni igbákejì ẹ̀, kò ríbi sá sí. Ohun tó sọ ní 2019 nígbà tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì náà tún wà ńlẹ̀, pé kí wọ́n fòfin de fífọ́ àpáta abẹ́lẹ̀ wa gáàsì, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń jẹun ní Pennsylvania, wọ́n sì ń rán àwọn èèyàn létí ẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìbéèrè: Sanders ì bá na Trump ní 2016?

Ìdáhùn: Wọn ò fà á kalẹ̀, Republican ò sì fìgbà kan ná owó gidi lé e lórí láti bà á lórúkọ jẹ́, nítorí náà àbá lẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ń dá.