Ìrìbọmi nínú ìgbé ayé Kristẹni

Ìrìbọmi ni ètò tí a fi omi ṣe, tí ènìyàn ń gbà wọ inú ìjọ Kristi. Yorùbá ní orúkọ mẹ́ta fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì gbé ìtumọ̀ tirẹ̀ dání. Ìrìbọmi ń sọ pé ènìyàn rì, omi bò ó mọ́lẹ̀. Ìtẹ̀bọmi fi ọwọ́ ẹlòmíràn hàn, nítorí ẹnì kan kì í tẹ ara rẹ̀ bọ omi; òun ni Ìjọ Onítẹ̀bọmi fi ń jẹ́ orúkọ. Ìsàmì, tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ń rán ni létí àmì àgbélébùú tí àlùfáà ń ṣe sí iwájú orí ọmọ. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ ní tirẹ̀ lo baptisi àti baptismu, tó ti inú èdè Gíríìkì wá.

Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ ọ́n sí ìwẹ̀nù ẹ̀ṣẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù sọ ohun tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ nínú Róòmù orí 6: ìsìnkú ni ó pè é. A sin onígbàgbọ́ pẹ̀lú Kristi, a sì jí i dìde sí ìgbé ayé tuntun. Ẹni tó bá dúró létí odò lọ́jọ́ ìrìbọmi yóò fojú ara rẹ̀ rí i. Pásítọ̀ àti ẹni tí a fẹ́ rì bọmi á wọ omi dé ìbàdí. Pásítọ̀ á fi ọwọ́ kan gbá a lẹ́yìn mú, á pe orúkọ rẹ̀, á ní, “Mo baptisi rẹ ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́,” á wá dẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn títí omi yóò fi pa dé lójú rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, ó sì ti gbé e dìde.

Àwọn ìjọ tó ń sàmì fún ọmọ ọwọ́ ka ìdílé tí wọ́n rì bọmi lódindi nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 16 sí ẹ̀rí. Àwọn yòókù ní ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ nìkan ló tọ́ sí. Àríyànjiyàn yìí ti gba ẹ̀mí ènìyàn rí. Ní Zurich, ìlú kan ní Switzerland, níbi tí àwọn kan ti tún ara wọn rì bọmi ní 1525, ìjọba ìlú ri Felix Manz, ọ̀kan lára wọn, sómi pa ní 1527. Ní ti Kátólíìkì, èdìdì tí kò lè pa rẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń ṣe é. Bí ikú bá sì ti sún mọ́ tòsí, ẹnikẹ́ni lè ṣe é, àní ẹni tí kò tíì gbà á pàápàá.

Orúkọ tuntun máa ń bá a rìn, àmọ́ kì í ṣe dandan kó jẹ́ ti òyìnbó. Mojola Agbebi, aṣáájú àwọn Onítẹ̀bọmi ní Èkó, pa orúkọ David Brown Vincent tí ó ń jẹ́ tì ní 1894, ó sì jẹ́ Kristẹni síbẹ̀síbẹ̀.

Nígbà mìíràn, orúkọ náà a máa sọ ìtàn odindi ilé kan. Ní 11 Oṣù Kejìlá 1825, ní Sierra Leone, Àjàyí tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn gba ìrìbọmi, ó di Samuel Crowther. Ó rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25 tí ojú wọn ti kúrò lára wọn. Ní 5 Oṣù Kejì 1848, ìyá náà gba ìrìbọmi. Hánnà ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.