Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ ajá yín kan ilẹ̀ títì

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọmọ ajá mẹ́rin ni wọ́n gbé wá bá mi tí ìtàn wọn jọra bí ìbejì. Wọ́n rà á lọ́jọ́ Sátidé, kò ju ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n so okùn tuntun mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n mú un jáde kí gbogbo àdúgbò lè bá wọn yọ̀. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń ya fọ́tò. Ó fi imú tú ilẹ̀ kiri, ó lá etí gọ́tà. Kí Sátidé kejì tó kọjá, ó ti ń bì, ó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Mẹ́ta nínú mẹ́rin ló kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ báyìí ni wọ́n máa ń wá bi mí pé, “Dókítà, ìgbà wo gan-an ló yẹ ká mú un jáde?” Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹ jẹ́ kó gba àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tán, kí èyí tó kẹ́yìn bọ́ sí ìgbà tó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kún un. Kó tó dìgbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ tí ajá tí ẹ ò mọ̀ ń gbà kọjá. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ti okùn ọrùn àti bí a ṣe ń kọ́ ọ láti rìn, inú ilé ni ẹ ti máa kọ́ ọ, mi ò ní fi àyè ṣòfò lórí ìyẹn.

Pávò (parvovirus) ni àrùn tí mo ń sọ, kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á. Kò tíì pẹ́ láyé: ọdún 1978 ni wọ́n tó dá a mọ̀, láàárín ọdún méjì ó ti yí gbogbo ayé ká. Inú ìgbẹ́ ajá tó ní in ló ń gbà jáde, ajá náà sì ti lè máa tú u sílẹ̀ kí àìsàn tó hàn lára rẹ̀. Òjò á fọ ìgbẹ́ náà lọ, ojú ò ní rí nǹkan kan mọ́, àmọ́ kòkòrò yẹn á ṣì wà nínú erùpẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Níbi tí òjìji bá wà, tí ilẹ̀ sì tutù, ó lè ju ọdún kan lọ. Ọṣẹ kì í pa á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn olóòórùn tí a ń dà sí ilé ìyàgbẹ́ kì í pa á. Bàtà yín lè gbé e wọlé, nítorí náà ẹ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà títí ọmọ ajá yín á fi gba abẹ́rẹ́ tán.

Tó bá ti wọ ara, ibi méjì ló ń dojú kọ: mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí àwọn ajagun inú ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, àti awọ inú ìfun, tí ara máa ń fi tuntun rọ́pò nígbà gbogbo. Ìfun á bó, ẹ̀jẹ̀ á máa kán sínú ìgbẹ́, àwọn kòkòrò tó ń gbé inú ìfun tẹ́lẹ̀ á ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀, ajagun tí ì bá lé wọn padà kò sì sí mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń yára pa wọ́n. Ìgbẹ́ rẹ̀ ní òórùn kan tó yàtọ̀. Nígbà míì, kí ẹni tó gbé ajá náà tó wọlé, mo ti mọ ohun tó gbé wá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ nìyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní, “Ó ti gba abẹ́rẹ́ kan, kí ló tún kù?” Gbogbo rẹ̀ ló kù. Ẹ wò ó báyìí: ní ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ajá, inú omi ọyàn àkọ́kọ́ ni ìyá rẹ̀ ti ń fún un ní àwọn ọlọ́dẹ (èyí tí òyìnbó ń pè ní antibody) tí yóò máa ṣọ́ ọ. Àwọn ọlọ́dẹ yìí mọ iṣẹ́ wọn dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò mọ àlejò rere yàtọ̀ sí olè. Tí mo bá fún ọmọ náà ní àjẹsára nígbà tí wọ́n ṣì pọ̀, wọ́n á lu oògùn mi pa lẹ́nu géètì, ara ọmọ kò ní rí i kọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọlọ́dẹ yìí kì í dúró títí. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọ́n ń dín kù sí ìdajì. Ìgbà kan á wá dé tí wọn ò pọ̀ tó láti dá pávò dúró mọ́, àmọ́ tí wọ́n ṣì pọ̀ tó láti ba àjẹsára jẹ́. Àlàfo yẹn ló ń pa ọmọ ajá. Àwọn kan ń bọ́ sínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, àwọn míì ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, àwọn míì tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ìyá kan náà, inú kan náà, ọjọ́ wọn lè má dọ́gba. Kò sí bí mo ṣe lè fojú wò ó kí n sọ pé tòní ti dé.

Ìdí tí a fi ń tún abẹ́rẹ́ náà gún nìyẹn. A máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, a ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin, títí a ó fi kọjá ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún, kó lè jẹ́ pé ọjọ́ yòówù kí àwọn ọlọ́dẹ náà lọ, abẹ́rẹ́ kan á bá àyè ṣíṣí. Ẹ má rò pé owó là ń wá.

Wọ́n tún máa ń sọ fún mi pé ajá ilé wa kì í ní pávò, pé ti òyìnbó nìkan ni. Òótọ́ ni pé Rottweiler àti Doberman kì í fara dà á bíi tàwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ajá tí ẹ̀ ń rí tó ń rìn kiri ọjà ni èyí tó yè. Ta ló ka àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tó kú sẹ́yìn ilé?

Ní ti àwọn tó ń gbé báàgì kiri àdúgbò pé dókítà ajá ni àwọn, ọ̀rọ̀ wọn ń dùn mí dọ́kàn. Ọdún mẹ́fà ni a fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì, Veterinary Council of Nigeria ló sì ń forúkọ wa sílẹ̀. Àjẹsára pávò tí mo ń lò wà nínú ìgò kékeré méjì: ọ̀kan ní oògùn gbígbẹ tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bí tábúlẹ́ẹ̀tì, èkejì ní omi tí a fi ń pò ó. Fíríìjì ló ń gbé, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí a bá ti pò ó, kí wákàtí kan tó pé ló yẹ kó ti wọ ara ajá. Ẹ mọ bí iná ṣe rí nílùú wa. Fíríìjì oògùn mi ní sólà tirẹ̀, mo sì ń kọ bó ṣe tutù sí sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ọdún kọkàndínlógún rèé. Ìwé orí ìgò náà, inú káàdì ajá ni mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gún ajá yín, ẹ ní kó pò ó níṣojú yín, kó sì lẹ ìwé náà mọ́ káàdì.

Bàbá kan ní Àkóbọ̀, nílùú Ìbàdàn, ra Rottweiler fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, mo fa awọ ọrùn rẹ̀ sókè, awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò padà sílẹ̀: omi ara rẹ̀ ti gbẹ. Èrìgì rẹ̀ funfun bí ẹfun. Bàbá ní, “Dókítà, ó ti gba àjẹsára o, ọkùnrin kan gún un níjelòó.” Mo béèrè káàdì, kò sí. Ọmọ yẹn ló dáhùn: “Ó ti fa oògùn náà sínú abẹ́rẹ́ kó tó dé. Inú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló ti yọ ọ́.” Aago méjì ọ̀sán ni, nínú oòrùn. Ọjọ́ kejì abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n mú un jáde lọ sí òpin àdúgbò.

Kí wọ́n tó rántí mi, wọ́n ti sọ pé ará ilé kejì ló fún un ní májèlé, wọ́n sì ti da epo pupa sí i lẹ́nu. Mo bẹ̀ yín, ajá tó ń bì kò lè gbé epo mì dáadáa. Ẹ̀dọ̀fóró ni epo náà lọ. Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń gbọ́ àyà lé e, ó ń hó kùtùkùtù bí ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Iṣan tí mo fẹ́ fa omi sí ti palẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá a. A fún un lómi, a fún un ní oògùn tó ń dá èébì dúró àti oògùn tí yóò dá kòkòrò ìfun dúró. Ọmọ náà kò lọ sílé. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó di ẹsẹ̀ ajá rẹ̀ mú. Aago mẹ́rin ìdájí ni ajá náà kú.

Mo sọ fún bàbá pé kó má gbé ọmọ ajá míì wọ àgbàlá yẹn fún ọdún kan. Wọ́n fi ọṣẹ fọ ilé ajá, wọ́n ní kí wọ́n wá gbàdúrà sí ilé, wọ́n so òwú dúdú àti owó ẹyọ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ àgbàlá yẹn ti gba pávò. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà wọ́n ra òmíràn, ọjọ́ kẹsàn-án ló kú. Tí ó bá ti ṣẹlẹ̀ nílé yín, ẹ fọ ìdọ̀tí kúrò lórí sìmẹ́ǹtì àti àwo rẹ̀, kí ẹ wá po ife bílíìsì kan mọ́ ọgbọ̀n ife omi, kí ẹ dà á sí i, kó sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lórí erùpẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹ kàn ní láti dúró.

N kò ní kí ẹ ti ọmọ ajá mọ́lé o. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta sí nǹkan bí ìkẹrìnlá ni ọpọlọ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jù fún ayé, èyí tí kò bá rí nígbà yẹn ló máa ń bà á lẹ́rù tó bá dàgbà. Ẹ gbé e mọ́ àyà jáde. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ìró ọ̀kadà, jẹnẹrétọ̀ àti ìpè àdúrà, kó rí ẹni tó wọ agbádá, ìyá tó pọn ọmọ, ẹni tó gbé ẹrù sórí. Ní oṣù mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó gba ti dìgbòlugi, èyí tí National Veterinary Research Institute ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, náà ń ṣe nílẹ̀ yìí. Pávò ajá kì í ran èèyàn, dìgbòlugi ń pa èèyàn.

Tí ọjọ́ ìjáde bá wá pé, ẹ lọ ní àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà títì kí ẹ ka oókan títí dé eéje. Bí ó bá jó yín, á jó òun náà. Tí ẹ bá délé, ẹ wo etí àti àárín ọmọ ìka rẹ̀ bóyá eégbọn ti wọ̀ ọ́.

Bàbá Àkóbọ̀ yẹn padà wá nígbà tí ọdún kan ti kọjá. Ọmọ rẹ̀ ló gbé ọmọ ajá mọ́ àyà, tí ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé e. Kò gbé e sílẹ̀ níbi tí àwọn yòókù jókòó sí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo ní kó gbé e sórí tábìlì. Ó wo tábìlì náà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Dókítà mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi bílíìsì nù ún.” Mo nù ún. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ajá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wo aago ara ògiri títí ìṣẹ́jú mẹ́wàá fi pé.