RAM: àtẹ ẹni tó ń kọ kóòdù

Bí ẹ bá dé Computer Village n'Ìkẹjà láti ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ fi polówó fún yín ni "Ọ̀gá mi, Core i7 ni o!" Ẹ má tíì dá a lóhùn. Ẹ bi í pé RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ń kọ́?

Ẹ wo ìyá aláta lọ́jà. Àpò rodo àti tàtàṣé wà lẹ́yìn nínú ìsọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pàtẹ síwájú ló ń tà. Àpò ẹ̀yìn yẹn ni SSD, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí: ẹrù pọ̀ níbẹ̀, bí ẹ bá sì pa kọ̀ǹpútà, kò lọ síbì kan. Àtẹ ni RAM: ohun tí ẹ ń lò lọ́wọ́ ló wà níbẹ̀, kí ọwọ́ lè tètè tó o. Bí kọ̀ǹpútà bá kú, àtẹ ṣófo nìyẹn, ìdí nìyí tí iṣẹ́ tí ẹ kò tíì tọ́jú fi ń dàwátì. Ìyá aláta fúnra rẹ̀ ni processor tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an, ìyẹn i7 tí wọ́n ń pariwo. Bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó, bí àtẹ bá kéré, ẹ̀yìn ìsọ̀ ni yóò máa sáré lọ sáré bọ̀.

Sáré-lọ-sáré-bọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní swap. Lórí RAM 8 GB, Windows á ti bu tirẹ̀, Chrome á bu tirẹ̀, VS Code tí a fi ń kọ kóòdù náà á mú díẹ̀. Ẹ wá ṣí emulator Android, ìyẹn fóònù àfarawé inú kọ̀ǹpútà, lé e! Mo ṣe é rí: mo se Indomie, mo jẹ ẹ́, mo fọ abọ́, fóònù inú emulator kò tíì tàn tán.

Python tàbí HTML fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, 8 GB tó o. Àmọ́ bó bá kan Docker (irinṣẹ́ tó ń ko app sínú àpótí tirẹ̀ láti fi ṣiṣẹ́) tàbí app Android, 16 GB ni kí ẹ fojú sí. Lójú tèmi, i5 (processor tó rẹlẹ̀ sí i7) tó ní 16 GB sàn ju i7 tó ní 8 GB lọ. Bó bá sì jẹ́ hard disk àtijọ́ tó ń yí ló wà nínú rẹ̀, ẹ ya owó SSD sọ́tọ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager lè ṣí, ẹ lọ sí Performance, kí ẹ tẹ Memory. Bí ẹ bá rí "Slots used: 1 of 2", ojú ihò RAM kan ṣì ṣófo, àyè ṣì wà láti fi kún un. RAM irú DDR4 kò wọ ojú ihò irú DDR5 o. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan sì wà, bíi MacBook M1, tó jẹ́ pé iye RAM tí wọ́n bá a wá náà ni títí ayé rẹ̀. Bí ojú yín kò bá dá a, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tú ìdí láptọ́ọ̀pù náà kí ẹ tó ka owó.