Bí Python Ṣe Ń Wọlé sórí Windows, àti Ìdí Tí Windows Fi Ń Sọ Pé Òun Kò Rí I

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, sórí laptop fún ìgbà àkọ́kọ́, ìbáà jẹ́ ní Agbowó tàbí ní Sáńgò, ohun kan náà ló máa ń bá pàdé. Fáìlì ti wọlé, Windows ti ní ó parí, wọ́n ṣí Command Prompt, fèrèsé tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, wọ́n tẹ python, èsì tó jáde sì ni 'python' is not recognized as an internal or external command. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò, wọ́n á tún un gbé wọlé, dátà á sì máa jó lọ. Bẹ́ẹ̀, Python wà lórí ẹ̀rọ náà ní gbogbo àkókò yẹn. Kò kàn sí ẹni tó sọ ibi tó ń gbé fún Windows ni.

Python, tí Guido van Rossum, ọmọ orílẹ̀-èdè Netherlands, kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1991, wà lára àwọn èdè tí fáìlì wọn kì í dá ṣiṣẹ́. Ètò tí wọ́n fi èdè C kọ ti máa ń di fáìlì .exe kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa lò ó, Windows sì mọ ohun tí wọ́n ń fi .exe ṣe. Fáìlì .py kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ni, Notepad pàápàá lè ṣí i kà. Python.exe ni ògbufọ̀ tó ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn di iṣẹ́: á ka fáìlì náà, á yí i padà sí àwọn àṣẹ kéékèèké tó yé òun fúnra rẹ̀, á wá máa mú wọn ṣẹ níkọ̀ọ̀kan. Fódà __pycache__ tó máa ń ṣàdédé yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ẹni kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni ògbufọ̀ ń tọ́jú èyí tó ti túmọ̀ sí, kí ó má baà tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Nítorí náà, gbígbé Python sórí Windows kò ju kí wọ́n gbé ògbufọ̀ yìí àti àwọn ohun èlò rẹ̀ síbì kan, kí wọ́n sì jẹ́ kí Windows mọ ibẹ̀.

Kí èèyàn tó wa ohunkóhun sílẹ̀ (download) láti python.org, ojú òpó Python, ó yẹ kó mọ Windows tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn laptop tòkunbọ̀ gan-an, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Queen Cinema l'Ékòtẹ̀dó, nítorí pé àwọn mìíràn ṣì ń lo Windows àtijọ́. Python 3.8 ló kẹ́yìn tí Windows 7 lè gbé. Windows 8.1 lè dé 3.12. Láti 3.13 lọ, àfi Windows 10 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ 32-bit, fáìlì 64-bit kò ní ṣí lórí rẹ̀ rárá. Àwọn laptop tuntun kan sì wà tí Windows orí wọn wà ní S mode: àwọn yìí kò gba ohunkóhun tí kò bá ti inú Microsoft Store wá, àfi bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú S mode náà.

Fáìlì tí wọ́n fi ń gbé Python wọlé kò wúwo, kò ju nǹkan bí 30MB lọ, gbogbo ohun tó nílò sì wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan lè wà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo kíláàsì fi flash pín in láì tún ná dátà kankan. Ojú òpó Python ti ń gbé ohun tuntun kan tí wọ́n pè ní Python install manager síwájú láti ọdún 2025. Ó dára, àmọ́ bó bá ti wọlé tán, á ṣì padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ wá Python fúnra rẹ̀. Fún ẹni tó ń ṣọ́ dátà, fáìlì ńlá àtijọ́ yẹn ṣì sàn jù.

Bí fáìlì yẹn bá ṣí, Install Now ló gba ojú, òun ni gbogbo èèyàn sì ń sáré tẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ Add python.exe to PATH sí lára. Kò sí àmì nínú rẹ̀; ẹni tó ń lò ó ló máa fúnra rẹ̀ fi sí i. Àpótí yìí ló fa wàhálà tí a fi bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá fò ó, Python á wọ inú fódà AppData lábẹ́ orúkọ oní-kọ̀ǹpútà, fódà tí Windows fúnra rẹ̀ ń fi pa mọ́, á sì jókòó síbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀.

PATH jẹ́ ìlà ọ̀rọ̀ kan tí orúkọ àwọn fódà tò sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ python, Command Prompt á kọ́kọ́ wo inú fódà tó wà lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni yóò máa bọ́ sínú àwọn fódà PATH láti èyí àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Ó dà bí àlejò tí wọ́n ní kó lọ wá Àlàbí ní Bẹẹrẹ, tó jẹ́ pé orúkọ nìkan ló mọ̀: á máa yà láti agboolé kan sí òmíràn, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ́ ẹ ní Àlàbí ló máa jíṣẹ́ fún. Bí agboolé Àlàbí gan-an kò bá sí lára àwọn tí wọ́n kà fún un, á padà lọ́wọ́ òfo.

Bí Àlàbí mìíràn bá sì ṣíwájú ńkọ́? Ó ń ṣẹlẹ̀. Láti ọdún 2019 ni Microsoft ti fi python.exe kan sínú Windows 10 tí kì í ṣe Python. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ṣí Microsoft Store. Ẹni tó tẹ python tó rí i pé ọjà ló ṣí, tàbí tó rí Python was not found, òun ló bá pàdé. Inú Settings, níbi App execution aliases, ni wọ́n ti ń pa á. Àṣẹ where python máa ń to gbogbo python tí Windows rí sílẹ̀, èyí tó wà lókè ló ń dáhùn. Nínú PowerShell, fèrèsé àṣẹ mìíràn tó wà nínú Windows, where.exe python ni kí wọ́n tẹ̀, torí pé where ní iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀.

Ẹni tó ti fo àpótí yẹn kò nílò láti yọ Python kúrò. Kí ó tún ṣí fáìlì tó fi gbé e wọlé, kí ó yan Modify, kí ó sì fi àmì sí Add Python to environment variables (àwọn ìtọ́ni tí Windows ń tọ́jú fún àwọn ètò, PATH wà lára wọn) lójú ewé kejì. Kí ó wá pa Command Prompt tó ti ṣí tẹ́lẹ̀, kí ó ṣí tuntun, nítorí èyí àtijọ́ ṣì ń ka PATH àná. Ọ̀nà àbùjá kan tún wà: àṣẹ py, tó sábà máa ń bá Python wọlé, máa ń wá ògbufọ̀ rí láì wo PATH rárá.

Fún àwọn ohun èlò tí kì í bá Python wá, pip ni wọ́n ń lò, ó sì ti wà nínú Python láti 3.4. Dátà tún wọ ọ̀rọ̀ níbí. pip download -d eru pandas á kó pandas, ọ̀kan lára àwọn ohun èlò yẹn, àti gbogbo ohun tó gbára lé sínú fódà eru. Lórí laptop kejì, pip install --no-index --find-links eru pandas á gbé e wọlé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ Python méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ jẹ́ ìran kan náà: èyí tí wọ́n kó fún 3.12 kò ní gbà lórí 3.13.

Ohun kan tó tún ń tan èèyàn jẹ ni pé Windows kì í sábà fi ìparí orúkọ fáìlì, bíi .py tàbí .txt, hàn. Ẹni tó fi Notepad kọ ise.py lè máà mọ̀ pé ise.py.txt ló tọ́jú.

Èyí tí àwọn ìwé òyìnbó kì í sábà sọ, tó sì kan ẹni tó ń kọ Yorùbá, ni ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Láti Python 3.6, print, àṣẹ tó ń kọ ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà, máa ń fi ẹ, ọ àti ṣ hàn dáadáa nínú Command Prompt. Ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ kọ ọ́ sínú fáìlì. Bí wọn kò bá sọ àtòjọ lẹ́tà tí open, àṣẹ Python tó ń ṣí fáìlì, máa lò, cp1252 ni Python máa ń lò lórí ọ̀pọ̀ Windows wa, àtòjọ lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè Yúróòpù. Ì àti à wà nínú rẹ̀, nítorí náà Ìbàdàn sábà máa ń wọlé láìsí wàhálà. Ọ̀yọ́ kò ní wọlé. UnicodeEncodeError ló máa jáde, pẹ̀lú \u1ecc, tó jẹ́ nọ́ńbà Ọ. Ẹni tó fi Ìbàdàn nìkan dán iṣẹ́ rẹ̀ wò á rò pé ó ti tán.

Kí wọ́n kọ encoding="utf-8", ìlànà tó gba lẹ́tà gbogbo èdè, sínú open nígbàkúùgbà, tàbí kí wọ́n fi PYTHONUTF8=1 sí environment variables Windows, kí ó lè kárí gbogbo iṣẹ́. Láti Python 3.15 lọ, UTF-8 ni yóò di ti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Bó bá wọlé tán, àṣẹ len tún wà, tó ń ka iye lẹ́tà inú ọ̀rọ̀: len("Ọ̀yọ́") lè sọ pé 5, ó sì lè sọ pé 7, bí kííbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ bá ṣe to àmì sí. Kò sí Ọ̀ tó jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode, àtòjọ lẹ́tà gbogbo èdè: Ọ wà lọ́tọ̀, àmì orí rẹ̀ wà lọ́tọ̀, àwọn kííbọ́ọ̀dù mìíràn sì tún máa ń ya àmì ìsàlẹ̀ náà sọ́tọ̀. Ọ̀yọ́ méjì tó jọra lójú kò ní bá ara wọn dọ́gba lójú Python. unicodedata.normalize("NFC", oro) ló ń sọ wọ́n di ọ̀kan, kí wọ́n tó máa wá orúkọ tàbí kí wọ́n tò ó.